Taya Ẹ̀ẹ̀rùn Rẹ Ti Lọ Sí Ìkórè

Bọ́lọ́rundúró,
lẹ́bàá Oǹdó,
ìparí oṣù Kọkànlá.

Akínlolú ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí mọ́tò rẹ. Ǹ bá ti kọ́kọ́ kí mọ́tò náà, nítorí mo mọ ẹni tó jẹ́ àgbà nínú ẹ̀yin méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ pé orúkọ ọmọ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé òun náà jí dáadáa? Ṣé kò sí òkúta tó ta bá a, ṣé ẹyẹ kò ṣu lé e lórí, ṣé oòrùn Alágbàká ní Àkúrẹ́ kò pa á jù? Ọlọ́run tó fi ọ́ sí ọ́fíìsì ìjọba yóò máa dá ọ sí, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, taya rẹ kò ní jò, ọ̀nà kò ní dí mọ́ ọ. Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Kòkó ọdún yìí ṣe díẹ̀ lẹ́yìn tí òjò ti ba ìdajì rẹ̀ jẹ́ lórí igi, orúnkún mi ń dùn mí bó ṣe máa ń dùn mí, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ojú ìyá rẹ sì wà bí o ṣe mọ̀ pé ó wà. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Mo mọ̀ pé o máa béèrè pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà láyé fóònù. Ṣé o rántí pé mo ní kí Ẹniọlá àbúrò rẹ bá mi kọ ọ́ sórí wásáàpù pé ìgbà wo lo máa wá gbé ìyá rẹ lọ sí Àkúrẹ́ fún iṣẹ́ abẹ ojú rẹ̀? Èsì tí a rí ni àmì kéékèèké méjì, aláwọ̀ búlúù. Ẹniọlá ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé o ti kà á. Èmi kò gbà. Mo ní ọmọ tí mo rán lọ sí ilé ìwé gíga kò lè ka ọ̀rọ̀ baba rẹ̀ kó dákẹ́, pé méjì tó fi ránṣẹ́ yẹn, ọjọ́ méjì ló ní lọ́kàn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ìyá rẹ wẹ̀, ó wọ aṣọ ìjáde, ó jókòó síta láti àárọ̀, gbogbo ọ̀kadà tó bá kọjá ló ń kí káàbọ̀. Nígbà tí o kò dé, mo ní á jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì ni. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì náà tún kọjá, mo sọ fún ara mi pé kí n yáa tètè wá bírò kó tó di ọdún méjì.

Ibi tí mo ti ń wá bírò ni Ẹniọlá ti dé láti Oǹdó, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ, tó ní o ti fi ohùn ránṣẹ́ sórí wásáàpù. Inú wa dùn. Ó gbé fóònù sáàárín èmi àti ìyá rẹ, a gbọ́ ohùn rẹ ketekete bí ẹni pé abẹ́ tábìlì lo wà. O kò béèrè ojú. O ní ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé, pé kí a bá ọ fi taya ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lọ́dọ̀ wa ránṣẹ́, nítorí taya gbogbo-ìgbà tó wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò rẹ báyìí kì í di títì ọlọ́dà mú dáadáa bí ooru bá mú, àti pé bí o bá ti pààrọ̀ rẹ̀ tán ni o máa wá gbé ìyá rẹ. Mo ní kí Ẹniọlá tún un tẹ̀, bóyá mo ṣì í gbọ́. Ó tún un tẹ̀. Taya náà ni.

Kí n tó sọ ibi tí taya wà, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ìwọ tó o gboyè lè fi òye tẹ̀ lé mi. Nígbà tí o kọ́kọ́ fi fọ́tò mọ́tò náà ránṣẹ́, mo bi Ẹniọlá pé ibo ni àṣẹ́kù rẹ̀ wà. Mo rò pé ó ti rì sínú ẹrẹ̀ ni, nítorí mi ò rí àlàfo kankan láàárín ikùn rẹ̀ àti ilẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì, ìjókòó méjì. Mo ní ọmọ mi gbọ́n, ó mọ̀ pé òbí méjì ni òun ní, ó ra ìjókòó fún kálukú wa. Ìyá rẹ ló bi mí pé ta ni yóò wá wa mọ́tò. Ẹniọlá ní mọ́tò eléré ìje ni, pé irú rẹ̀ ni àwọn òyìnbó fi ń bá ara wọn sáré. Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ àti ta ni ló jọ ń sáré ní Alágbàká? Ṣé àwọn fáìlì ọ́fíìsì wọn ti ń sá lọ ni?

Mo sì wọ̀ ọ́ rí, n kò ní purọ́. Ọjọ́ tí mo wá kí ọ ní Àkúrẹ́, o ní kí n jókòó kí o gbé mi yí ìlú ká. Kí n tó lè wọlé, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí mọ́tò. Kí n tó lè jáde, ènìyàn méjì ló fà mí. Ìjókòó náà rẹlẹ̀ bí àpótí ìdáná. A dé Arákàlẹ̀, a kan gegele tí wọ́n fi ń dín eré mọ́tò kù, o ní Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ikùn rẹ̀ má baà ha ilẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀. O kọjá, mo tún wọlé. A kan òmíràn, mo tún sọ̀. Kí a tó dé òpin títì yẹn, èyí tí mo fi ẹsẹ̀ rìn nínú Arákàlẹ̀ ti pọ̀ ju èyí tí mo fi mọ́tò rìn lọ. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà ṣàánú mi, ó ní Bàbá, ẹ ò ṣe kúkú fi ọmọkùnrin yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ wọ ọ̀kadà? Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní ẹ kú ìrọ́jú.

O mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa. Bí ọmọ bá ra mọ́tò, ilé ló ń kọ́kọ́ gbé e wá. Ìyá á da omi tútù sí i lẹ́sẹ̀, bàbá á jókòó sínú rẹ̀, wọ́n á gbàdúrà kí ẹ̀jẹ̀ má kàn án, ìgbà náà ni ọmọ tó ń gbé e ròde. Àwa retí rẹ. O ní òjò ti bẹ̀rẹ̀, pé taya ẹ̀ẹ̀rùn ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò lè gba ọ̀nà Bọ́lọ́rundúró. A ní kò burú. Nígbà tó yá, o ní o ti ra taya gbogbo-ìgbà. Ayọ̀ mi kún. Mo kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n máa retí ọmọ mi, ó ti ra taya tí ń rìn ní gbogbo ìgbà. Òjò oṣù Kẹfà rọ̀ tán, o kò dé. Òjò oṣù Kẹsàn-án rọ̀ tán, o kò dé. Mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kàwé: gbogbo ìgbà èwo? Nítorí ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, ìgbà méjì péré ni Ọlọ́run fún wa, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, a kò sì rí ọ nínú èyíkéyìí.

Dípò kí o wá, taya ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí o bọ́ kúrò lo kó sí bọ́ọ̀sì, o ní kò sí àyè nílé rẹ, kí a bá ọ tọ́jú wọn. Mo lọ gbà wọ́n ní gáréèjì Oǹdó. Ọlọ́kadà ní òun á gbé mẹ́ta, bí mo bá lè fi ìkẹrin kọ́ ọrùn. Mo fi kọ́ ọrùn. Gbogbo ẹni tó rí wa lójú ọ̀nà ló ń béèrè pé kí ni bàbá arúgbó yìí jí. O tún ní òtútù kò gbọdọ̀ mú wọn, pé rọ́bà wọn rọ̀, òtútù a máa sọ ọ́ di líle, oòrùn kò sì gbọdọ̀ pa wọ́n. Mo gbọ́ràn. Mo gbé wọn sí yàrá àlejò, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì ìyá rẹ bò wọ́n. Àárọ̀ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, mo máa ń gbé ìkòkò iná sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà kí ara wọn lè yá. Ìyá rẹ, tí kò ríran dáadáa mọ́, ń kọsẹ̀ lára wọn, bó bá sì ti kọsẹ̀, á ní ẹ má bínú, ó rò pé àlejò ló sùn síbẹ̀.

Mo wá bi Ẹniọlá pé kí ni àwọn òyìnbó rí tí wọ́n fi ń yan taya bí ẹni yan aṣọ. Ó ní ní ìlú wọn, òjò máa ń dì, á bo títì bí òwú, mọ́tò á máa yọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe taya gbogbo-ìgbà, kó lè ṣe díẹ̀ nínú òtútù, kó ṣe díẹ̀ nínú ooru. Taya ẹ̀ẹ̀rùn ní tirẹ̀, ooru ló fẹ́, òjò lásán kò sì dí i lọ́wọ́ láti di títì mú. Mo ní ìgbà wo ni òjò dì sórí títì kẹ́yìn ní Àkúrẹ́? Ó ní kò dì rí. Mo ní á jẹ́ pé inú ooru la wà láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní á jẹ́ pé èyí tó kọ́kọ́ wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ ì bá fi síbẹ̀, kó máa bá tirẹ̀ lọ, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn? Ó ní Bàámi, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Nítorí náà, èmi ni mo sọ ọ́.

Ìkórè wá dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí. Ìyá rẹ ní mọ́tò Akínlolú kò rí ọ̀nà wá, ṣùgbọ́n ó ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, kí la tún ń dúró dè? Ó da omi tútù sí taya lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbàdúrà lé wọn lórí, ó ní ọdún kò gbọdọ̀ parí kí a má dúpẹ́ mọ́tò ọmọ ní ilé Ọlọ́run. Àwọn mìíràn, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ni wọ́n ń mú lọ síwájú pẹpẹ, Fíkà ìjọ wa á gbàdúrà sí i, á dá a padà fún wọn. Àwa kò ní kọ́kọ́rọ́. Taya la ní. Mo fọ̀ wọ́n, mo fi òróró pa wọ́n títí wọ́n fi ń dán, nígbà tí wọ́n sì pe ìdílé wa, a ń yí wọn bọ̀ láàárín ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá rẹ di ọ̀kan mú, ó ń jó tẹ̀ lé e. Fíkà wo taya, ó wò mí, ó ní Bàbá Akínlolú, mọ́tò dà? Mo ní ó wà ní Àkúrẹ́, ó ń yan taya lọ́wọ́. Ó gbé ọwọ́ lé taya, ó sì gbàdúrà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. A kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewúrẹ́ tí àwọn tó kù mú wá, a lọ jókòó. O sì mọ̀ pé ohunkóhun tó bá ti dé ibẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè, básà ló ń lọ. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ta iṣu, wọ́n ta ewúrẹ́, wọ́n kan taya. Kí n tó gba orúnkún mi ní ìyànjú kó dìde, wọ́n ti ń pe owó lé e. Ìyá rẹ kò rí ohun tó ń lọ, ó rò pé àdúrà ni wọ́n ṣì ń gbà fún ọ, gbogbo iye tí ẹnikẹ́ni bá pè, á na ọwọ́ méjèèjì sókè, á ní àmín. Àwọn ènìyàn rò pé ó fẹ́ kó gbówó lórí sí i ni. Kìtán tó ń ra kòkó ló rà á nígbẹ̀yìn, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́, ìyá rẹ sunkún ayọ̀. Ta ni kó wá la ọ̀rọ̀ yẹn yé e? Èmi náà pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti kéde rẹ pé o fi taya mẹ́rin ṣe ọrẹ ìkórè, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti dá ìjọ náà sílẹ̀. O kú oríire.

Nígbà tí iṣẹ́ taya tí o rán dé, mo lọ bá Kìtán. Ó ti gbé méjì lé ara wọn níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó tẹ́ pákó lé e, ibẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ń jókòó sí bí wọ́n bá ń wọn kòkó wọn. Wọ́n ní ó rọ̀ lábẹ́ ìdí, pé ọmọ mi mọ ohun tó dára. Ìkẹta, ewúrẹ́ rẹ̀ ló so mọ́ ọn. Ìkẹrin, adìyẹ ti yé sínú rẹ̀, ó ń sàba. Kìtán ní òun bọ̀wọ̀ fún mi, òun á kó wọn fún mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn òun kò ní jẹ́ kí òun lé adìyẹ kúrò lórí ẹyin, kí n dúró dìgbà tó bá pa ẹyin náà. Nítorí náà, taya mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Bí mọ́tò eléré ìje bá lè fi ẹsẹ̀ mẹ́ta sáré, jọ̀ọ́, fi àmì méjì ránṣẹ́.

Akínlolú, mo ti ṣẹ̀fẹ̀ tó. Awọ funfun tó wà lójú ọ̀tún ìyá rẹ ti bò ó tán. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó bu iyọ̀ sínú tíì mi, ó rò pé ṣúgà ni. Mo mu ún tán. Ó ń fọwọ́ wá ògiri láti yàrá dé ibi ìdáná, nínú ilé tó ti ń gbé láti ìgbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Dókítà ní bí a bá tún pa á tì, ojú òsì yóò tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá fún wa ti kọjá níbi tí a ti ń dúró dè ọ́. Mo ní ká wọ ọkọ̀ èrò, ìyá rẹ ní rárá, pé o ní o máa wá gbé òun, pé bí òun bá wọ ọkọ̀ èrò lọ síbi iṣẹ́ abẹ, àwọn ará ibí á sọ pé ọmọ òun kò náání òun. Orúkọ rẹ ló ń ṣọ́, tí ojú rẹ̀ fi ń lọ. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Wọn kò sọ pé kó dúró kí ọmọ kọ́kọ́ yan taya.

Nítorí náà, mo ti pinnu. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n tún dá fún wa. Kìtán ni yóò fi píkọ́ọ̀pù tó fi ń kó kòkó gbé wa. Mo yẹ taya rẹ̀ wò, n kò lè sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é fún. Ọ̀kan ti di ọ̀bọrọ́, kò sí èyí tó jọ èkejì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ sí Àkúrẹ́, ó sì ń bọ̀. Òun náà ni yóò mú lẹ́tà yìí wá fún ọ ṣáájú ọjọ́ náà, bó bá ń gbé kòkó wá sí Àkúrẹ́. Mo sì ti purọ́ fún ìyá rẹ. Mo ní ìwọ lo bẹ Kìtán pé kó wá gbé òun, ìwọ lo ra epo sí i, àti pé o ti máa wà lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù kí a tó dé. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tí n kò lè kọ. Ó ti lọ sọ fún àwọn ará ilé láti ojúlé dé ojúlé, ó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà lọ.

Ẹniọlá ní ọsibítù ojú náà kò jìnnà sí ọ́fíìsì rẹ, pé ènìyàn lè rìn ín láìlàágùn. Fi mọ́tò sílẹ̀ sábẹ́ igi. Ẹsẹ̀ tí èmi àti ìyá rẹ bí mọ́ ọ, ó ń rìn lójò, ó ń rìn lẹ́ẹ̀rùn, a kò sì pààrọ̀ rẹ̀ fún ọ rí. Bí o bá ń bọ̀, mú owó díẹ̀ dání fún epo Kìtán, níwọ̀n bí mo ti sọ pé o ti rà á, kí o sì ra bùláńkẹ́ẹ̀tì kan fún ìyá rẹ, nítorí òórùn rọ́bà kò kúrò lára tirẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ọjọ́ kejì ni wọ́n á tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú náà. Ó ní ojú tìrẹ ni òun fẹ́ kọ́kọ́ rí. Mo ní èmi ńkọ́, tí a jọ ń gbé? Ó ní òun mọ bí èmi ṣe rí.

Ọlọ́run yóò wà pẹ̀lú rẹ. Yóò gbé ọ ga, yóò fún ọ ní aya rere, yóò sì fún ọ ní ọmọ tí yóò ṣe fún ọ lọ́jọ́ ogbó gẹ́gẹ́ bí o ṣe ń ṣe fún àwa náà gan-an. Bí àdúrà yìí bá bà ọ́ lẹ́rù, o ní títí di Ọjọ́rú láti tún un ṣe.

Èmi ni baba rẹ,
Silas Adébùsóyè.